Ẹ Má Jẹ́ Kí AC Gba Ohùn Lẹ́nu Yín: Bí A Ṣe Ń Ná Ọkọ̀ Tuntun ní Èkó

Ẹ lọ sí Mandilas ní Erékùṣù Èkó lọ́sàn-án Sátidé kan, kí ẹ wo bí àwa ará Èkó ṣe ń nájà. Ẹni tó fẹ́ ra ṣòkòtò jíǹsì kan ṣoṣo á bínú, á rẹ́rìn-ín, á kọ̀yìn sí ọlọ́jà, á rìn títí dé ìdí ọ̀pá iná kó tó gbọ́ "Ẹ padà, ẹ mówó wá." Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò ni Mandilas yìí. Ibi tí a ti ń ná aṣọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orúkọ oníṣòwò mọ́tò ló ń jẹ́! Ṣùgbọ́n ẹ mú oníjíǹsì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀rúùmù ọkọ̀ ní Victoria Island tàbí ní Ìkẹjà. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un, atẹ́gùn tútù á fẹ́ sí i lára, ẹnì kan á gbé omi tútù wá, ohùn á sì wọlẹ̀. Iye tó bá rí lórí ìwé ni yóò san.

Irú rẹ̀ ti ṣe èmi náà rí. Ní 2019, mo ra ọkọ̀ tuntun àkọ́kọ́ mi lọ́wọ́ díílà kan ní Mainland tí n kò ní dárúkọ. Mo wọ aṣọ tó dáa lọ, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo lówó lọ́wọ́, ojú sì ń tì mí láti bèèrè pé "èló ni jálẹ̀?" bí ẹni pé ata rodo ni mo wá rà. Mo san gbogbo ẹ̀. Kò pé oṣù kan tí mo bá ẹnì kan pàdé níbi ìgbéyàwó, ó ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ kan náà, lọ́wọ́ díílà mìíràn. Tirẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún 400 náírà dín sí tèmi, wọ́n sì tún fún un ní sáfíìsì méjì lọ́fẹ̀ẹ́. N kò lè jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà tán.

Láti ìgbà náà, mo ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lọ ra tiwọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ọkọ̀ tuntun gbáko, èyí tí a ń pè ní tíà rọ́bà, nìkan ni mo ń sọ o. Ti tòkunbọ̀ àwọn Berger lọ́nà Àpápá sí Òṣòdì, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn kó tó di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bèèrè owó ojú títì, ẹ má bèèrè owó ọkọ̀

Owó ojú títì ni gbogbo owó tí ẹ ó san kí ọkọ̀ tó lè máa rìn lójú títì. Iye tí díílà kọ́kọ́ máa dá lé ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ iye tí yóò jáde nínú àpò yín. Owó orí ọjà, ìyẹn VAT, wà níbẹ̀: 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti oṣù kejì ọdún 2020. Ká sọ pé mílíọ̀nù 40 náírà ni wọ́n pe ọkọ̀. VAT rẹ̀ nìkan, mílíọ̀nù mẹ́ta ni. Díílà kan á ti kà á mọ́ iye tó pè fún yín, òmíràn á fi í pamọ́ títí ẹ ó fi bọ ọwọ́ tán, á wá sọ pé "ó ku VAT o." Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohunkóhun, torí ẹni tó bá ná mílíọ̀nù kan kúrò tó wá fi mẹ́ta lé e lẹ́yìn, kí ló ná?

Lẹ́yìn VAT, owó nọ́ńbà àti ìwé ọkọ̀ ń bọ̀, íńṣọ́ránsì ń bọ̀, nígbà mìíràn owó ìgbọ́kọ̀wá láti èbúté tàbí láti ọgbà wọn kejì náà ń bọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo máa ń lò:

"Ẹ jọ̀ọ́, èló ni màá san tí n ó fi wa ọkọ̀ yìí jáde ní géètì yín, tòun ti nọ́ńbà lára, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè kọ́bọ̀ mọ́?"

Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "owó ìwé" ní odidi kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n tú u wò fún yín. Íńṣọ́ránsì tẹ́ẹ̀dì pátì, èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe lọ́ṣẹ́, fún ọkọ̀ ilé jẹ́ ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá rí i tí ó ti di ìlọ́po mélòó kan nínú ìwé wọn, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. FRSC, ìyẹn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ló láṣẹ lórí nọ́ńbà ọkọ̀, MVAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ló ń bójú tó o ní Èkó níbí, ẹ sì lè fúnra yín lọ ṣe é ní ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ó kàn dára kí díílà mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Íńṣọ́ránsì kọḿpirihẹ́ńsíìfù, èyí tó ń bo ọkọ̀ tiyín náà, ló máa ń gbówó gan-an, torí orí iye ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì tí díílà bá tọ́ka sí yín kì í ṣe òun nìkan ló wà láyé. Ẹ pe méjì mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba proforma mẹ́ta

Ìwé yìí ni ohun ìjà yín. Proforma ni ìwé tí díílà fi ń sọ pé: ọkọ̀ báyìí, ọdún báyìí, àwọ̀ báyìí, iye rẹ̀ nìyí, VAT rẹ̀ nìyí, iye ọjọ́ tí owó yìí fi dúró nìyí. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀. Ẹ lè pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Toyota ni Toyota, iye kan náà ni gbogbo wọn máa pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Toyota Nigeria kì í ṣe òun nìkan ló ń ta á. Àwọn díílà tó fọwọ́ sí pọ̀ ní Èkó níbí, olúkúlùkù ló sì ní bí ebi ọjà ṣe ń pa á. Ẹni tí ọkọ̀ mẹ́ta irú rẹ̀ ti jókòó sí lọ́rùn nínú ọgbà kò ní dá ọ̀rọ̀ yín lóhùn bí ẹni tí èyí tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé ohun kan náà ni ẹ ń fi wéra. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ọdún kan náà, ìjókòó aláwọ fún aláwọ, aláṣọ fún aláṣọ. Mo ti rí ẹni tó fi owó ọkọ̀ tí kò ní kámẹ́rà ẹ̀yìn bá díílà jà lórí èyí tó ní. Wọ́n kàn rọra fi í rẹ́rìn-ín ni.

Àwọn kan wà lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n lọ kó ọkọ̀ tuntun wá láti Dubai tàbí Amẹ́ríkà. Owó tiwọn máa ń fani mọ́ra. N kò ní kí ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ohun kan: tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ lóṣù kẹjọ, ta ni yóò bójú tó wàràǹtì rẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, ibo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ẹ má yọnu, àwa la wà níbí," ẹ ka ọkọ̀ náà sí èyí tí kò ní wàràǹtì, kí ẹ sì ná an bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ

Àwọn tó ń tajà ní tágẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù dára ju ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, ìparí ọdún sì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ tí kò bá lọ kí January tó wọlé á di ọkọ̀ ọdún tó kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni kí ẹ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀rúùmù á kún fún tọkọtaya àtàwọn ọmọ tó ń tẹ fèrè, kò sẹ́ni tó máa ráyè yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó

Ẹ ní kí wọ́n wà á jáde sínú oòrùn. Iná ṣọ́ọ̀rúùmù máa ń bo àṣìṣe pénítà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà ṣasí. Ó máa ń wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá kan dáṣíbọọ̀dù, ó tún máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ti orí ìwé mu. Àmì 17 ni: lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dàpọ̀. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q níbẹ̀ rárá, kí ojú má baà ṣì wọ́n kà sí nọ́ńbà. Ẹ ka á dé ìkẹwàá. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àmì kẹwàá yẹn ló ń sọ ọdún tí wọ́n ka ọkọ̀ náà sí: P ni 2023, R ni 2024, S ni 2025, T ni 2026.

Èyí gan-an ló gba ọ̀gá mi sílẹ̀. "2024" ló wà lórí proforma wọn. Mo ka ṣasí dé ìkẹwàá, mo rí P. Mo tún un kà. Mo pe ọmọkùnrin tó ń tà á, mo ní kó bá mi kà á, òun náà ka P. Kò purọ́ fún wa, òun gan-an kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n àánú yẹn kò ní ká má gba ẹ̀tọ́ wa. Ọkọ̀ yẹn lọ sílẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 200 náírà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà rárá.

Táyà náà lẹ́nu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà DOT àti àwọn àmì tó tẹ̀lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Tí táyà bá ti pé ọdún méjì lára ọkọ̀ "tó dé lóṣù tó kọjá," ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú oòrùn ọgbà, bátìrì rẹ̀ náà ti rẹ̀. Ẹ wo kílómítà: ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ ti rin ìrìn Ìbàdàn lọ bọ̀. Ẹ ṣí búùtù kí ẹ wò bóyá táyà ìpààrọ̀ wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yìí kì í ní in mọ́, ike oògùn táyà àti ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ bá rí, kì í ṣe ìgbà yẹn ni ẹ ó sọ ọ́. Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu dídákẹ́ yìí ló bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ wo ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, wọ́n nàka sí aláwọ̀ eérú kan, wọ́n ké gbàjarè: "Áà! Èyí gan-an ni mo ń bá wọn sọ nílé!" Ọmọkùnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ̀ pé owó ti lọ. A ò rà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a padà lọ, inú mọ́tò tó gbé wa lọ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí títí a fi parí ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìnájà fúnra rẹ̀

Ẹ má fi ìdajì bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá wà ní Balógun. Èrè orí ọkọ̀ tuntun kì í pọ̀ bí èrè orí àǹkárá, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ san mílíọ̀nù 20 lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù 40 ti sọ fún wọn pé òun kò wá rà á. Èmi máa ń wo proforma tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi díẹ̀ dín sí i. Díẹ̀ yẹn kì í ju ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí n sọ bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ, ní Victoria Island. Mílíọ̀nù 41 àti ẹgbẹ̀rún 500 ni wọ́n pè é, VAT ti wà nínú rẹ̀. Proforma tó kéré jù lọ́wọ́ wa jẹ́ mílíọ̀nù 40 àti ẹgbẹ̀rún 200.

"Mọ́mì, iye tí kọ́ḿpìnì fi síbẹ̀ nìyẹn o. Àwa kì í nájà níbí."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ta ló láṣẹ láti dín in?"

"Ọ̀gá wa ni mà, ṣùgbọ́n àwọn náà..."

"Ó dáa. Bá mi kí wọn. Màá jókòó dè wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi bá mú omi wọn, wọ́n fi tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ ṣí i. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn kò bá ọmọ náà jà lórí bóyá wọ́n ń nájà tàbí wọn kì í nájà. Ẹni tí kò láṣẹ láti dín owó kù, ìjà yín pẹ̀lú rẹ̀ kò lè dín kọ́bọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, torí òun ni yóò bá yín gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá náà jáde wá, obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kíra. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ pé "lágbájá ń tà á ní iye báyìí." Wọ́n kàn tẹ́ proforma kejì sórí tábìlì, ojú ìwé sókè, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn lé e. Ọ̀gá náà kà á láti ibi tó jókòó sí.

"Mà, dọ́là ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà tí àwọn yẹn ti kọ ìwé yìí."

Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dọ́là yìí níbi gbogbo, ẹ má kà á sí irọ́ pátápátá. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, mọ̀ bí dọ́là ṣe kúrò ní nǹkan bí ₦460 tó kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Díílà tó ta ọkọ̀ kan lónìí gbọ́dọ̀ fi owó dọ́là ọ̀la ra òmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà yìí, dọ́là àná ni wọ́n fi rà á, dúútì àná ni wọ́n san lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ti tó.

"Ìgbà wo ni eléyìí wọlé, àbúrò mi?"

"Ó ti tó... ó ti ṣe díẹ̀ mà."

"Mo rí táyà rẹ̀."

Ó dákẹ́, àwa náà dákẹ́. Ibí yìí ni AC ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ara wa kì í gba ìdákẹ́jẹ́ láàárín ènìyàn mẹ́ta nínú yàrá tútù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ dandan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń fi owó lé e tàbí dín in. Ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín, ẹ wo fóònù, ẹ má sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà ló sọ̀rọ̀: mílíọ̀nù 40 àti ẹgbẹ̀rún 900.

Ẹ̀gbọ́n mi ní mílíọ̀nù 39. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní 40 àti ẹgbẹ̀rún 600. Ẹ̀gbọ́n mi gòkè sí 39 àti ẹgbẹ̀rún 500, lẹ́yìn náà 39 àti ẹgbẹ̀rún 700, lẹ́yìn náà 39 àti ẹgbẹ̀rún 780. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń kéré sí i: 500, 200, 80. Ẹni tó ń fi 500 kún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra ń sọ fún ọlọ́jà pé 500 mìíràn ṣì wà lápò òun. Ẹni tí ìgòkè rẹ̀ ń dín kù ń sọ pé àpò ti fẹ́ gbẹ, bẹ́ẹ̀ kò sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ọ̀gá náà dúró sí 40 àti ẹgbẹ̀rún 300, kò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n dúpẹ́ omi, wọ́n fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yí ọjà ká ná."

Gbólóhùn yìí dàgbà ju gbogbo ṣọ́ọ̀rúùmù Èkó lọ. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ìhàlẹ̀, gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti rán lọ́jà rí ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú gọ́ọ̀sìlóò ní Ozumba Mbadiwe la wà nígbà tí fóònù dún. "Ẹ wá mú un mà. Mílíọ̀nù 39 àti ẹgbẹ̀rún 900, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ o." Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ń bọ̀ lọ́la.

Kí n má tàn yín o: fóònù kì í dún nígbà gbogbo. Nígbà tí mo ń ra ọkọ̀ kejì tèmi, mo yí ọjà ká títí, kò sẹ́ni tó pè mí. Mo gba ilé díílà kejì lọ, mo san iye tó wà lórí proforma wọn, tó ṣì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan dín sí ti àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gba mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ kò lè sọ pé òun fẹ́ yí ọjà ká.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọkọ̀ àtijọ́ yín

Tí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe pààrọ̀, ẹ má mẹ́nu bà á títí owó tuntun yóò fi dúró sójú kan. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ kò tíì pinnu. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé owó àtijọ́ sókè kí inú yín lè dùn, wọ́n á sì gbà á padà lára tuntun, ojú yín kò ní tó o. Kí ẹ tó lọ, ẹ ti mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù méjì, kí ẹ mọ iye tí wọ́n máa san lówó lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá jẹ́ owó báńkì

Gbólóhùn tó léwu jù nínú ṣọ́ọ̀rúùmù ni "èló lẹ lè máa san lóṣù?" Ẹ má dáhùn rẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 40. Ẹ san 12 sílẹ̀, ó ku 28. Báńkì ní kí ẹ máa san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 50 lóṣù fún oṣù 48. Ó dùn gbọ́ létí. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù 50 àti ẹgbẹ̀rún 400, ẹ fi 12 kún un, ọkọ̀ mílíọ̀nù 40 ti di mílíọ̀nù 62 àti ẹgbẹ̀rún 400. Ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́ta láti ná mílíọ̀nù kan àbọ̀ kúrò, tó wá fi mílíọ̀nù 22 sílẹ̀ fún báńkì láìná an! Èlé náà ṣeé ná. Báńkì tí wọ́n ti ń san owó oṣù yín sínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì díílà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fẹ́ san gbèsè tán ṣáájú ọjọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ènì

Nígbà tí owó bá kọ̀ láti lọ sílẹ̀ mọ́, ẹ yí ọwọ́ padà. Ọ̀gá tí kò láṣẹ láti dín ẹgbẹ̀rún 200 lórí ìwé lè láṣẹ láti fún yín ní sáfíìsì mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, torí ọgbà tiwọn ni wọ́n ti ń ṣe é, mẹkáníìkì tiwọn ni, ó sì dínwó fún wọn ju bó ṣe wọ́n fún yín lọ. Ìyá aláta ní Mile 12 mọ èyí dáadáa: kò ní dín owó ata, ṣùgbọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni sáfíìsì, kọ́kọ́rọ́ kejì, rọ́ọ̀gì ilẹ̀ ọkọ̀, bátìrì tuntun tó bá ti pẹ́ nínú ọgbà, owó nọ́ńbà. Ẹ má bèèrè wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìwé ìkìlọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí wọ́n bá sì gbà láti fún yín, kí ó wọ inú ìwé, torí ọmọkùnrin tó ṣèlérí fún yín lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí sáfíìsì kejì tó pé. Ẹ̀gbọ́n mi gba sáfíìsì mẹ́ta àti rọ́ọ̀gì. Wọ́n tún bèèrè agboòrùn. Wọ́n fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: owó sísan

Inú àkáǹtì kọ́ḿpìnì ni kí owó lọ, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti orí proforma mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi sínú àkáǹtì tòun kó lè "tètè yanjú ẹ̀," ẹ dìde. Ẹ má san gbogbo owó lórí ọkọ̀ tí ẹ kò tíì fojú rí. Tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀ lórí omi, kí owó àsansílẹ̀ yín kéré, kí ìwé sì sọ ọjọ́ tí yóò dé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí kò bá dé, àti bóyá owó tí ẹ ti fẹnu kò sí lè yí padà tí dọ́là bá tún fò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà.

Ìwé tí ẹ ó gbà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́: rìsíìtì, ìnfọ́ìsì tí VAT hàn lórí rẹ̀, ìwé dúútì Kọ́sítọ́ọ̀mù tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kó wọlé, ìwé wàràǹtì pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti òǹtẹ̀. Ẹ tún ka ṣasí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó máa ń sú wọn, ẹ má wo ti ìyẹn.

Kí ẹ tó jáde ní géètì, ẹ wo géèjì epo. Ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé ilé epo tó sún mọ́ jù ni wọ́n sábà máa ń fi sínú rẹ̀, ọ̀nà Èkó kò sì mọ ohun tí "sún mọ́" ń jẹ́ lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí iná pupa bá ti tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ fún wọn pé ó ku lítà mẹ́wàá.